Ilọ́jọ̀ Bar: Ilé Tí Wọ́n Kọ Sínú Ìwé, Tí A Ò Gba Ohùn Rẹ̀ Sílẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn kíkà ju gbígbọ́ lọ, àti ẹ̀yin tí dátà yín ti fẹ́ tán, ọ̀rọ̀ tí mo sọ nínú ètò ọ̀sẹ̀ yìí ló wà nísàlẹ̀ yìí. Mo ti yọ àwọn "ẹ̀n-ẹ́n" tó pọ̀ jù kúrò. Ìyókù, bó ṣe jáde lẹ́nu mi náà ni mo kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ilé ọtí kan la fẹ́ sọ. Kí ẹni tí kì í mu ọtí má bínú, èmi náà kì í fi bẹ́ẹ̀ mu ún. Ilé ọtí yìí wà ní Tinúubú, ní Erékùṣù Èkó, lẹ́bàá òpópónà Bámgbóṣé. Ilọ́jọ̀ Bar ni wọ́n ń pè é. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án, ọdún 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Ọ̀la ọjọ́ náà ni Iléyá. Ẹ mọ bí Èkó ṣe máa ń rí tí Iléyá bá ku ọ̀la: àgbò ní gbogbo ìkòríta, ọ́fíìsì ti tì, kò sí akọ̀wé kan ní Marina tàbí Broad Street tó máa yọjú lójú fèrèsé. Ìjọba sì ti fún wa ní ìsinmi ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Nígbà tí àwọn èèyàn fi máa padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́rú, ilé tó ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1855 ti di òkìtì àwókù.

Mi ò wọ ilé náà rí. Ọmọ ilé ìwé girama ni mí nígbà náà, orí Twitter ni mo ti kọ́kọ́ rí àwòrán rẹ̀, lẹ́yìn tó ti wó. Mo wò ó, mo ní "áà, ó mà ṣe o," mo sì yí ojú ìwé lọ sórí nǹkan mìíràn bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ohùn yìí ni ọ̀rọ̀ ilé náà tún padà wá bá mi, tí mo wá rí i pé ohun tí mo ń wá kò sí nínú àwòrán. Mo fẹ́ mọ bí ó ṣe rí láti jókòó níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe ìṣirò ọjọ́ orí rẹ̀, torí nọ́ńbà náà kì í ṣe kékeré. Ní 1855, kò sí Nàìjíríà. Èkó fúnra rẹ̀ kò tíì di ti ọba Gẹ̀ẹ́sì, 1861 ni wọ́n tó gbà á. Ọba Dòsùnmú ló wà lórí oyè. Kò ju ọdún mẹ́rin lọ tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yin àgbá lu ìlú náà ní oṣù kejìlá 1851. Màdáámù Ẹfúnróyè Tinúubú, ẹni tí a fi orúkọ rẹ̀ pe ibẹ̀, ṣì ń gbé ní Èkó. Ọdún tó tẹ̀ lé e, 1856, ni wọ́n lé e kúrò tó fi lọ sí Abẹ́òkúta, níbi tó ti wá di Ìyálóde. Nítorí náà, nígbà tí mo bá ní ilé ọtí, ẹ má rò pé ilé oníbíà kan tó wà lábẹ́ bíríìjì ni mò ń sọ. Ilé yìí dàgbà ju orílẹ̀-èdè wa lọ.

Ìdílé Fernandez ló kọ́ ọ, wọ́n sì kọ́ ọ fún oúnjẹ àti ọtí. Casa do Fernandez ni orúkọ rẹ̀ lédè Potogí, ìyẹn ni ilé Fernandez. Àwọn kan tún ń pè é ní Angel House. Àgùdà ni wọ́n, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ Àgùdà kí ẹ tó lè mọ ilé náà.

Àgùdà ni à ń pe àwọn tó padà dé láti Bràsíl, àti àwọn ọmọ wọn. Wọ́n kó àwọn baba wọn lẹ́rú kọjá òkun, ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ Yorùbá tí ogun kó nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ń tú. Ní Bahia, ní 1835, àwọn Mùsùlùmí tó jẹ́ ẹrú àti àwọn tó ti gba òmìnira dìde ogun ní ìlú Salvador. Yorùbá pọ̀ nínú wọn, Haúsá náà wà níbẹ̀. Ìjọba borí wọn, ó sì fi ìyà jẹ ẹni tó ṣe é àti ẹni tí kò ṣe é. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ti ń wá ọkọ̀ ojú omi padà sí ilé. Àwọn kan balẹ̀ sí Ouidah, àwọn kan sí Porto-Novo, àwọn kan sì gba Èkó. Wọn ò padà lọ́wọ́ òfo. Bíríkìlà wà nínú wọn, káfíńtà wà, télọ̀ wà, alásè wà. Àdúgbò tí wọ́n tẹ̀dó sí ni à ń pè ní Pópó Àgùdà, lágbègbè ibi tí a mọ̀ sí Campos Square lónìí. Bí ẹ bá ti jẹ frejon ní ọjọ́ Good Friday rí, ẹ̀wà tí wọ́n sè pẹ̀lú omi àgbọn, ọwọ́ wọn ló ti wá. Kàníbà Kàrétà tó máa ń jáde ní Erékùṣù nígbà Àjíǹde náà, tiwọn ni.

Ilé kíkọ́ ni wọ́n fi gba ojú Èkó. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ojú fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà tó tẹ̀ lórí bí ọrun, ọnà oríṣiríṣi tí bíríkìlà fọwọ́ ṣe sára ògiri. Ẹ lọ wo Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní òpópónà Martins bí ẹ bá fẹ́ rí iṣẹ́ wọn lójúkojú. Ọdún 1894 ni wọ́n ṣí i. Mohammed Shitta Bey tó náwó sí i jẹ́ Sàró, ilẹ̀ Sierra Leone ni wọ́n ti bí i. João Baptista da Costa tó ṣe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ Àgùdà. Owó Sàró, ọwọ́ Àgùdà.

Mo mẹ́nu ba Sàró nítorí ibi tí Ilọ́jọ̀ Bar wà. Ẹ ya Èkó àtijọ́ sọ́kàn. Ìsàlẹ̀ Èkó jẹ́ ti àwọn ọmọ onílẹ̀, ibẹ̀ ni Ìgá Ìdúngánràn wà. Olówógbowó jẹ́ ti Sàró, àwọn tí ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà lójú òkun tí wọ́n kó wọn lọ sí Freetown, tí wọ́n sì padà dé pẹ̀lú ìwé àti èdè Gẹ̀ẹ́sì. Marina jẹ́ ti òyìnbó àti ilé iṣẹ́ wọn. Pópó Àgùdà sì wà ní apá tirẹ̀. Ibi tí ọ̀nà àwọn àdúgbò wọ̀nyí ti pàdé ni Tinúubú. Nígbà tó yá, kóòtù ìjọba amúnisìn wà níbẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì wà níbẹ̀, Ọjà Balógun kò jìnnà, Báǹkì Àpapọ̀ náà wá kún un ní 1959. Ẹni tó jáde ní kóòtù, ẹni tó jáde ní ìsìn, ẹni tó ń bọ̀ láti ọjà, ojú kan náà ni gbogbo wọn ń gbà kọjá. Bí ẹ bá fẹ́ dá ilé sílẹ̀ tí òǹgbẹ yóò máa gbé ènìyàn wọ̀, ṣé ẹ lè rí ibi tó dára ju ìyẹn lọ?

Ní 1933, Alfred Ọmọ́lànà Olaiya ra ilé náà. Orúkọ Ilọ́jọ̀ dé pẹ̀lú àwọn Olaiya. Èèyàn Ìjẹ̀ṣà-Ìṣu ní Èkìtì ni wọ́n. Bí orúkọ Olaiya bá ń dún létí yín bí orin, ẹ ò ṣìnà: Victor Olaiya, ọba orin highlife, ọmọ bàbá náà ni. Àwọn òbí wa ló mọ̀ ọ́n dáadáa, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa gbọ́ ohùn rẹ̀ ní 2013 nígbà tí òun àti 2Face tún Baby Jọ̀wọ́ gbé jáde. Ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1930 ni wọ́n bí i ní Calabar, nítorí náà ọmọ ọdún méjì ni nígbà tí bàbá rẹ̀ ra ilé yìí. Òun fúnra rẹ̀ wá ní ibi ìkórajọ tirẹ̀ nígbà tó dàgbà, Stadium Hotel ní Sùúrùlérè. Mo máa ń ronú nípa rẹ̀. Ọmọ ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún ni nígbà tí wọ́n wó Ilọ́jọ̀ Bar, ó ṣì wà láyé, ó sì kú ní oṣù kejì 2020. Láàárín wíwó ilé náà àti ikú rẹ̀, ó lé ní ọdún mẹ́ta. Fóònù tó ń gba ohùn sílẹ̀ wà lọ́wọ́ gbogbo wa ní gbogbo ọdún mẹ́ta yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn díẹ̀, sí 1956, torí ibẹ̀ ni ìtàn yìí ti di ohun tó ń yà mí lẹ́nu. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, ìjọba kéde Ilọ́jọ̀ Bar ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Òfin ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ṣe ní 1953 ló fún wọn lágbára. Ṣùgbọ́n kí ni ìjọba kan náà ń ṣe ní Erékùṣù Èkó ní àsìkò yẹn gan-an? Ó ń wó ilé. LEDB, ìgbìmọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1928 lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri, ti bẹ̀rẹ̀ ní 1955 láti palẹ̀ àwọn ilé tó há mọ́ra wọn ní àárín Èkó mọ́. Wọ́n ń kó àwọn ìdílé lọ sí Sùúrùlérè. Ọwọ́ kan ń kọ ilé kan sínú ìwé pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, ọwọ́ kejì ń fi ẹ̀rọ gbá agbo ilé tó yí i ká dànù.

Ẹnì kan wà tó bi àwọn tí wọ́n kó kúrò léèrè ọ̀rọ̀. Peter Marris ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà jáde ní 1961. Ó lọ bá àwọn èèyàn ní àárín Èkó, ó sì tún lọ bá àwọn tó ti dé Sùúrùlérè. Kò bi wọ́n pé báwo ni ògiri yín ṣe rí. Ó bi wọ́n pé ta ni ẹ máa ń kí, ta ló ń ra ọjà yín, èló ni ẹ ń fún ìyá yín, ìgbà wo ni ẹ rí ẹ̀gbọ́n yín kẹ́yìn. Ohun tó gbọ́ ni pé oníbàárà kò bá oníṣòwò dé Sùúrùlérè, pé owó ọkọ̀ ti wọ àárín ẹbí, pé àwọn tó ń rí ara wọn lójoojúmọ́ ti di àlejò síra wọn. Ilé tuntun dára. Ìgbé ayé tó wà nínú ti àtijọ́ kò bá ẹrù wọn lọ. Mo ń sọ èyí torí pé ó fi hàn pé ó ṣeé ṣe, láìsí fóònù, láìsí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹnì kan lọ síbẹ̀, ó béèrè, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Lónìí, a mọ̀ nípa ìgbé ayé àwọn agbo ilé tí wọ́n wó ní 1955 ju bí a ṣe mọ̀ nípa inú ilé tí wọ́n ní ká máa tọ́jú lọ.

Báwo wá ni ilé tí òfin ń ṣọ́ ṣe wó? Ẹ máa gbọ́ oríṣiríṣi, ẹ sì máa rí i pé ìbínú pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. NCMM, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun ìrántí láti 1979, kò fẹ́ kí wọ́n wó o. Ẹgbẹ́ Legacy, tó ń jà fún ilé àtijọ́, náà kò fẹ́, wọ́n ní ó ṣeé tún ṣe. Lọ́dọ̀ àwọn tó ni ilé, ọ̀rọ̀ náà ni pé ó ti gbó, ó léwu, ilẹ̀ Tinúubú sì wọ́n.

Èmi kò lè kàn dá ìdílé lẹ́bi kí n sì kọjá lọ. Ẹ rò ó wò. Tí ìjọba bá kéde ilé yín ní ohun ìrántí, ilé náà ṣì jẹ́ tiyín. Ẹ̀yin lẹ máa ra páànù tí òjò bá ń jò. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè wó o, ẹ ò sì lè tún un kọ́ bó ṣe wù yín láìgba àṣẹ. Àwọn ọmọ ń pọ̀ sí i, ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ yín ń gbówó lérí lójoojúmọ́, àwọn tó wá ya fọ́tò ń yìn yín, wọ́n sì ń lọ sílé wọn. Ọmọ ẹbí mélòó ló máa fara da ìyẹn fún ọgọ́ta ọdún? Mi ò sọ pé ó dára bí wọ́n ṣe wó o o. Wíwó o ní ọjọ́ tí gbogbo ìlú ń wá àgbò ń bí mi nínú títí dòní. Ohun tí mò ń sọ ni pé kíkọ sínú ìwé láìsí owó, láìsí iṣẹ́, láìsí ìdí tí ènìyàn á fi máa wọlé jáde níbẹ̀, kò tó láti gbé òrùlé dúró. Shitta-Bey ṣì dúró, àwọn èèyàn ń kírun níbẹ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́. Bí igi àjà bá ń jẹrà níbẹ̀, ẹnì kan á rí i kó tó di ọ̀sán.

Ó kù ohùn. Láti bí ọdún kan sẹ́yìn ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi tó ń bá mi ṣe ètò yìí ti ń lọ sí Erékùṣù ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, a ń wá àwọn tó mọ Ilọ́jọ̀ Bar. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ ni pé a máa kúnlẹ̀ kí àgbàlagbà, a ó sọ ohun tí a wá ṣe, a ó sì béèrè pé, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, kí lẹ mọ̀ nípa ìtàn ilé yẹn?" Ìdáhùn wọn máa ń jọra: Àgùdà ló kọ́ ọ, ó ti pẹ́, ìjọba ló yẹ kó tọ́jú rẹ̀. Ó parí. Ìṣẹ́jú méjì. Ọ̀rọ̀ "ìtàn" máa ń mú wọn jókòó ṣinṣin bí ẹni tó wà níwájú tíṣà.

Ọ̀rẹ́ mi ló wá yí ìbéèrè náà padà níwájú bàbá kan tó ti ṣiṣẹ́ akọ̀wé rí, tó sì ti fẹ̀yìn tì. Ó ní, "Bàbá, ta lẹ máa ń dúró dè níbẹ̀?" Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Ogójì ìṣẹ́jú gbáko ló fi sọ̀rọ̀. Ó sọ nípa ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó máa ń pẹ́ ní gbogbo ìgbà, nípa òjò tó ká wọn mọ́ abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, nípa ọjọ́ owó oṣù àti ẹni tó máa ń sá fún gbèsè ní ọjọ́ owó oṣù. Kò sọ nǹkan kan nípa ọnà ara ògiri. Nígbà tí mo sọ fún un pé láti 1956 ni ibẹ̀ ti jẹ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, ẹnu yà á. Ó ní òun ò mọ̀. Ó ti ń sá òjò sábẹ́ ohun ìrántí látọjọ́ yìí.

Láti ìgbà náà, a kì í béèrè ìtàn mọ́. A máa ń béèrè ibi tí àga wà, ohun tí imú ń gbọ́ tí ènìyàn bá wọlé, ẹni tí wọn ò fẹ́ kó rí wọn níbẹ̀. Ìyẹn ìkẹyìn yẹn máa ń ṣiṣẹ́ gan-an lọ́dọ̀ àwọn bàbá tó jẹ́ alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì.

Wọn kì í fẹnu kò o. Ẹnì kan ní funfun ni wọ́n fi kun ilé náà, ẹlòmíràn búra pé ó pupa rúsúrúsú. Ẹnì kan ní rédíò ló ń kọrin níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní giramafóònù ni. A jẹ́ kí méjèèjì wà. Ilé tó dúró fún ọdún 161, ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n á ti kùn ún? Ẹni tí ó wà níbẹ̀ ní 1962 àti ẹni tó wà níbẹ̀ ní 1985 kò rí ilé kan náà. Nítorí náà, ohun tí a máa ń tẹnu mọ́ ni ọdún. Tí àgbàlagbà kò bá rántí ọdún, a ó béèrè ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí nígbà náà, tàbí ẹni tó ń ṣe ìjọba, tàbí iye tí wọ́n ń san wọ ọkọ̀. Kò sí ìyá Èkó kan tó gbàgbé owó ọkọ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa sọ pé kí ló dé tí mo ń pariwo lórí ilé ọtí, ṣebí ibi tó lókìkí jù bẹ́ẹ̀ náà ti lọ. Òótọ́ ni. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejì 1977, àwọn ṣọ́jà sun Kalakuta, ilé Fẹlá ní Agége Motor Road. Ṣùgbọ́n Fẹlá ṣe orin lórí rẹ̀, Unknown Soldier, gbogbo ayé sì gbọ́. Glover Memorial Hall ńkọ́? A mọ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi sinimá han aráàlú ní ilẹ̀ wa ní oṣù kẹjọ 1903, a mọ̀ pé ibẹ̀ ni Hubert Ògúndé ti ṣe eré rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1944. A mọ̀ ọ́n torí pé eré máa ń ní tíkẹ́ẹ̀tì, ó máa ń ní ìkéde nínú ìwé ìròyìn. Ta ló máa ń gbé ìkéde sínú ìwé ìròyìn pé ní alẹ́ òní, Ṣẹ́gun àti Múdà máa jókòó, wọ́n á sì jọ jiyàn lórí bọ́ọ̀lù? Ìjókòó lásán kò ní tíkẹ́ẹ̀tì. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe é sì ni ọ̀pọ̀ ayé wa ti ń kọjá.

Google náà kò bá wa gbà á. Nígbà tí wọ́n ṣí Street View fún Èkó ní oṣù keje 2017, ó ti lé ní oṣù mẹ́wàá tí Ilọ́jọ̀ Bar ti wó.

Ó yẹ kí n sọ ohun kan nípa fóònù yín báyìí, torí ẹ máa ń béèrè, ó sì ti ba iṣẹ́ jẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ̀gbọ́n kan nílé fi fọ́tò àtijọ́ tí wọ́n yà ní Tinúubú ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp. Inú yín dùn, ẹ tọ́jú rẹ̀. Ohun tó dé ọwọ́ yín ti fúyẹ́ ju èyí tó kúrò lọ́wọ́ wọn lọ, torí WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀ kó lè kéré, ó sì máa ń yọ ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti yà á, tí fóònù kọ sínú rẹ̀, kúrò. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ránṣẹ́ bíi document, kì í ṣe bíi photo. Tó bá jẹ́ fọ́tò orí ìwé, ẹ ya ẹ̀yìn rẹ̀ náà. Ẹ̀yìn fọ́tò ni àwọn bàbá wa máa ń kọ ọjọ́ sí, wọ́n á sì kọ orúkọ gbogbo ẹni tó dúró níbẹ̀, títí dé ẹni tí wọ́n ti bá jà.

Ohùn náà bẹ́ẹ̀. Voice note dára fún àríyá, ṣùgbọ́n tí ẹ bá fẹ́ gba ohùn màmá àgbà sílẹ̀, ẹ lo ohun tó ń gba ohùn sílẹ̀ nínú fóònù fúnra rẹ̀. Ẹ pa fáànù. Mo mọ̀ pé ooru mú, ẹ pa á. Ẹ gba àyè lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì, kí ìgbàṣẹ náà sì wà nínú ohùn. Lẹ́yìn náà, kí ẹ tó dìde níbẹ̀, ẹ yí orúkọ fáìlì náà padà. "Recording 47" kò ní sọ nǹkan kan fún ẹni tó bá rí i lẹ́yìn yín. Orúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀, àdúgbò, ọjọ́, ó tán. Ẹ kó o sí ibi méjì ó kéré tán, torí ẹ̀yin àti èmi la mọ bí wọ́n ṣe ń já fóònù gbà ní Ìdúmọ̀tà.

Tí wọ́n bá ní kí ẹ má gbé e síta, ẹ má gbé e síta. A ní ohùn màmá kan tó jẹ́ ọmọ Àgùdà, tó sọ nípa bí wọ́n ṣe máa ń se frejon nílé wọn, ó sì yà kúrò lójú ọ̀nà ó bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ogún ìdílé. Ìdajì rẹ̀ ni a gbé jáde. Ìdajì kejì wà níbi tó wà.

Títí di ọ̀sẹ̀ yìí, fáìlì mọ́kàndínlógún ni a ti ní. Méjìlá nínú wọn jẹ́ ti ọkùnrin, èyí kò sì tẹ́ mi lọ́rùn. Obìnrin ló ń dáná nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, obìnrin ló ń ta ẹja yíyan níwájú rẹ̀, àwọn ló sì máa ń wá ọkọ wọn lọ síbẹ̀ lálẹ́. Ọ̀kan nínú fáìlì náà kò ní ọ̀rọ̀ ènìyàn kan pàtó nínú: ìṣẹ́jú mẹ́wàá Tinúubú ní ọ̀sán ọjọ́ Etì, kọ̀ńdọ́ tó ń pe CMS, jẹnẹrétọ̀, omi tó ń tú ní ojúkò, ìpè ìrun láti ọ̀nà méjì tí kò bára wọn mu. Ẹ lè gbọ́ ọ ní ìparí ètò ọ̀sẹ̀ yìí.

Tí ìyá yín tàbí ìyá àgbà yín bá ti tajà rí ní Tinúubú, Bámgbóṣé tàbí Balógun kí ó tó di 1990, àwọn gan-an la ń wá. Ẹ bi wọ́n pé níbo ni wọ́n máa ń gbé igbá sí, ta ló ń bá wọn ṣọ́ ọ tí wọ́n bá lọ jẹun. Ẹ gba ìdáhùn wọn sílẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí wa. Bíi document, ẹ jọ̀ọ́.